Àkísà Àgbà Kò Sí Nínú Fọ́tò

Nínú ìpàdé kan tí a ṣe ní Jóga-Orílé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ìwà àwọn ọ̀dọ́, tí gbogbo ẹnu sì ti ń dá lórí ṣòkòtò jíǹsì tí wọ́n fi abẹ ya lójú orúnkún àti irun tí àwọn ọmọkùnrin ń dì bí ẹni pé wọ́n ń sìn wọ́n lọ sílé ọkọ, àgbà kan dìde, ó ki ọwọ́ bọ àpò agbádá rẹ̀, ó fa fọ́tò kékeré kan yọ, fọ́tò dúdú-òun-funfun tí igun rẹ̀ kan ti ya, ó gbé e sókè bí ẹni gbé ìwé ìdájọ́, ó ní kí àwọn ọmọ wá wo bí ọmọ ènìyàn ṣe ń múra nígbà tí ayé ṣì jẹ́ ayé. Fọ́tò náà lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wà nínú rẹ̀, ó wọ kóòtù òyìnbó, ó so táì mọ́rùn, ó gbé ọwọ́ òsì lé orí tábìlì kékeré kan kí aago ọwọ́ rẹ̀ lè hàn, ojú rẹ̀ sì le koko bí ojú adájọ́. Àwọn ọmọ wò ó, wọ́n dákẹ́, ojú tì wọ́n díẹ̀. Èmi náà wò ó, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, mo bá gbójú sílẹ̀, nítorí mo mọ kóòtù náà.

Kóòtù yìí kì í ṣe ti àgbà náà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni ní Jóga. Onífọ́tò kan ní Ìlaròó ló ni ín, inú ilé fọ́tò rẹ̀ ló sì ń gbé, lórí ìṣó kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, òun àti táì méjì, awò dúdú kan, fìlà òyìnbó kan, àti aago ọwọ́ kan tó ti kú láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́, ṣùgbọ́n tí ojú kámẹ́rà kò lè mọ̀ pé ó ti kú. Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò yá ni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ ni à ń wò. Síńgílẹ́ẹ̀tì ni ọ̀gá yìí máa ń wọ̀ sí ọrùn tirẹ̀, ti ara ìṣó sì ni gbogbo ènìyàn ń bá wá. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé irọ́ ni mo ń pa, ẹ̀rí mi wà nínú àpótí ìyá mi. Nígbà tí òjò ọdún tó kọjá ṣí páànù òrùlé wa, tí a sì ní láti kó gbogbo ẹrù yàrá rẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo bá fọ́tò mẹ́ta pàdé nínú àpótí náà, tí ọ̀rinrin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ ara wọn: ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọn kò bá ara wọn tan, wọ́n wọ kóòtù kan náà. Bọ́tìnnì mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀. Ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ dúdú, wọ́n tóbi, wọ́n sì ní ihò mẹ́rin mẹ́rin, ṣùgbọ́n ti àárín funfun, ó kéré, ó jọ bọ́tìnnì ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí ẹnìkan fi ìkánjú rán mọ́ ọn. Lára ẹni tó ga nínú wọn, apá kóòtù náà kò dé ọrùn ọwọ́. Lára ẹni tó kúrú, orí ìka nìkan ló yọ. Ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ẹni mu.

N kò sọ̀rọ̀ ní ìpàdé náà. Àgbà náà jù mí lọ, a kì í sì í tú àṣírí àgbà lójú ọmọdé. Yàtọ̀ sí èyí, n kò rò pé ó fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹni tó bá fi ọgọ́ta ọdún wo ara rẹ̀ nínú kóòtù kan, kóòtù náà á di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lẹ́nu, nítorí kì í ṣe òun nìkan. Gbogbo àwa tí a ti rékọjá àádọ́rin ọdún ni a ti sọ fọ́tò àtijọ́ di pàṣán tí a fi ń na àwọn ọmọ wa, tí a ń sọ fún wọn pé a kò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tiwa. A ṣe bẹ́ẹ̀. A ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, fọ́tò kan náà tí a fi ń na wọ́n ló sì ń jẹ́rìí takò wá, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n kà bá wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń ya fọ́tò nígbà náà fún ẹni tí fóònù ti bà jẹ́. Láti Jóga lọ sí Ìlaròó, bọ̀lẹ̀kájà ni à ń wọ̀, eruku pupa ojú ọ̀nà náà sì burú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ẹni tó bá wọ aṣọ iyì rẹ̀ láti ilé, aláàmọ̀ ni yóò jọ nígbà tó bá fi máa débẹ̀. Nítorí náà, inú àpò ni aṣọ ń wà. Ilé ìbátan kan nílùú náà ni a ti ń wẹ̀, tí a ti ń para, tí a ti ń fi òróró pa irun, kí a tó wá rọra rìn lọ sílé fọ́tò lẹ́bàá ògiri, kí òógùn má baà bo ni. Onífọ́tò á to ènìyàn bí ẹni to ẹrù: á ti àgbọ̀n rẹ sókè, á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ méjèèjì sórí orúnkún, á fa etí agbádá kí ó lè tẹ́ rẹrẹ; lẹ́yìn náà, á ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú, ohùn rẹ̀ á sì máa ti abẹ́ aṣọ náà jáde pé kí o má ṣẹ́jú, kí o má mira, kí o má mí. Ìdí tí ojú gbogbo wa fi le nínú fọ́tò nìyẹn. Kì í ṣe pé a ní ìwà ju àwọn ọmọ ìsinsìnyí lọ. Èémí ni a sé.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ń wá fún ẹni tó rí jájẹ: Iléyá, Kérésìmesì, ìgbéyàwó, ìparí ilé ìwé. Ọ̀pọ̀ ọmọ àgbẹ̀ ní ilẹ̀ Yewa kò tilẹ̀ ya fọ́tò rí títí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fi sọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní January 1955, tí olùkọ́ wá to gbogbo kíláàsì sí iwájú ilé ìwé, àwọn kúkúrú níwájú, àwọn gíga lẹ́yìn. Bí a bá wá ń bá àwọn ọmọ wí, òwe tó yá wa lẹ́nu jù ni pé bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Òótọ́ ni òwe náà. Ṣùgbọ́n ta ló rí àkísà náà nínú fọ́tò rí? Kakí tí a fi ń lọ oko kòkó, tí ìdí rẹ̀ ti lu bí ajere, ta ló wọ̀ ọ́ lọ sílé fọ́tò? Ọmọ ìsinsìnyí, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń yà á, pẹ̀lú àkísà rẹ̀, pẹ̀lú ipin ojú rẹ̀. Àwa wá mú ọjọ́ kan ṣoṣo tiwa, ọjọ́ tí a fi lọ́fínńdà sí, a gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ọjọ́ tirẹ̀, a ní kí ayé wá dá ẹjọ́.

Ohun kan tún wà tí fọ́tò dúdú-òun-funfun fi bò wá láṣìírí: ó pa àwọ̀ aṣọ wa rẹ́. Ọmọ tó bá wo ìyá mi nínú fọ́tò ọdún ìgbéyàwó rẹ̀, eérú ni yóò rò pé gbogbo ayé ìgbà náà jọ, yóò rò pé jẹ́jẹ́ ni a ń wọṣọ, bí ẹni tó ń lọ kí òkú. Àrán tó wọ̀ lọ́jọ́ náà pupa bí ẹ̀jẹ̀. Èyí tí àbúrò rẹ̀ tó jókòó tì í wọ̀ pọ́n bí àgbálùmọ̀, ó sì ta gèlè aláwọ̀ ewé lé e. Àwọn méjèèjì á hàn láti òkèèrè ní ojú ọjà ju iná ọkọ̀ lọ.

Ẹ má rò pé Ìlaròó nìkan ni kóòtù ti ń gbé ara ìṣó. Ní Bamako, olú ìlú Málì, Seydou Keïta ṣí ilé fọ́tò tirẹ̀ ní 1948, ó sì ní kóòtù, táì, aago ọwọ́, rédíò, títí dé alùpùpù Vespa, tí ẹni tó bá wá ya fọ́tò lè fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ara. Ẹni tí kò gun alùpùpù rí á fara tì í bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé. Lónìí, inú àwọn ilé ọnà ńlá ní Paris àti New York ni wọ́n ń gbé àwọn fọ́tò wọ̀nyí kọ́ sí. Ní tèmi, ti Malick Sidibé, tó ṣí ilé fọ́tò tirẹ̀ ní ìlú kan náà, ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé kò dúró sínú ilé: ó ń gbé kámẹ́rà tọ àwọn ọ̀dọ́ lọ sí òde ijó lóru, níbi tí wọ́n ti ń jó ijó òyìnbó pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́, tí òógùn ti mú ẹ̀wù lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn. Àwọn wọ̀nyẹn ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n má mí.

Èyí tó sún mọ́ wa jù wà ní òdìkejì ẹnubodè, ní Àjàṣẹ́ tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto-Novo, níbi tí Joseph Moïse Agbodjelou, tí a bí ní 1912, ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ya àwọn ará ìlú rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ Leonce Raphael sì ń bá iṣẹ́ náà lọ di òní. Àwa ará ìbodè mọ Àjàṣẹ́ dáadáa. Láti ibẹ̀ àti láti Ṣakẹ́tẹ́ ni ọ̀pọ̀ ankara inú fọ́tò àwọn ìyá wa ti gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wọlé, lórí kẹ̀kẹ́ ológeere, lóru. Ẹni tó bá fẹ́ pe orúkọ rẹ̀ lè pè é ní fàyàwọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó béèrè ọ̀nà tó gbà nígbà tí a wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó yẹ kí ó jẹ́ àwa ará Yewa gan-an ni yóò kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń wo àṣà ọ̀dọ́, nítorí kí kámẹ́rà tó dé ọ̀dọ̀ wa ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin ló wà lábẹ́ ère, aṣọ obìnrin ló wọ̀, gèlè àti ọ̀já tó fi di ara rẹ̀ sì jẹ́ èyí tó yá lọ́wọ́ àwọn obìnrin ilé. Ẹ ò rí i pé ohun àgbàwọ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wa. Lórí ère náà ni agbẹ́gilére ń to ohun tí ojú rẹ̀ rí sí: irun ṣùkú, gèlè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, fìlà òyìnbó, awò ojú, ẹ̀rọ ìránṣọ, títí kan ẹni tó gun alùpùpù. Lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ijó, Ẹ̀fẹ̀ á jáde, á fi orin bú ọmọge tó wọ aṣọ tí ìlú kò rí irú rẹ̀ rí, gbogbo ọjà á rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó bá di ọdún mìíràn, aṣọ ọmọge náà á ti wà lórí ère, tí a fi ọ̀dà kùn, tí a ń gbé jó níwájú àwọn ìyá. Ẹnu bú u, ọwọ́ tọ́jú rẹ̀. Àjọ UNESCO fi orúkọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sára àwọn ohun àjogúnbá aráyé ní 2001, inú wa sì dùn. Èébú Ẹ̀fẹ̀ nìkan ni a wá mú lò nílé, a gbàgbé iṣẹ́ agbẹ́gilére.

Àwọn obìnrin ni a tilẹ̀ jẹ ní gbèsè ìtọ́jú yìí jù, nítorí irun kì í pẹ́ lórí. J. D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ Emai ní ilẹ̀ tó ti di Ìpínlẹ̀ Ẹdó, tó ti bá tẹlifíṣọ̀n WNTV ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn kí ó tó lọ sí Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin ní 1968, ó sì yà á títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ẹgbẹ̀rún kan irú irun, láti ẹ̀yìn orí, láìjẹ́ kí ojú ẹni tó ni orí hàn nínú èyí tó pọ̀ jù. Ọ̀kan tó yà ní 1975 ń jẹ́ Onílé Gogoro. Bí obìnrin ṣe ń di ìròyìn sórí nìyẹn: nígbà tí ogun abẹ́lé parí ní January 1970, irun kan jáde tí wọ́n ń pè ní Ogun Parí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dì í ní àdúgbò wa. Fọ́tò rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ìró rẹ̀ kò kọjá orúnkún, apá bùbá rẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu agbọ̀n, ó sì fi ọwọ́ kan sí ìbàdí bí ẹni tó ní ilé ní Èkó. Ọjọ́ tó gbé fọ́tò náà wálé, bàbá wa kò jẹ oúnjẹ tó sè fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ọdún wá gorí ọdún. Ní 1997, Túndé Kèlání sọ ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá, Ó Le Kú, di fíìmù, ìró kúkúrú àti bùbá alápá gbòòrò tún gbòde, àwọn ọmọge sì ń pè é ní olékú, ìgbà náà ni mo bá ẹ̀gbọ́n mi nínú ilé rẹ̀ tó ń fi ariwo lé ọmọ rẹ̀ obìnrin padà sínú yàrá pé kí ó lọ pààrọ̀ aṣọ ìtìjú tó wọ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, fọ́tò tiyín ńkọ́?" Ó wò mí títí, ó ní, "Tiwa yàtọ̀."

Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí náà kò mọ́. Nígbà tí ìjọba san owó Údojì ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975, tí àwa òṣìṣẹ́ rí owó oṣù púpọ̀ gbà pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn olóye ra páànù. Èmi lọ bá télọ̀ ní Ayétòrò pé kí ó rán ṣòkòtò bóńgò fún mi, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí bàtà kò fi ní hàn. Bàtà náà kò sì ṣeé fi pamọ́, nítorí gogoro ni, mo fi ga ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ náà. Ìyá mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó wo ṣòkòtò náà láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ṣé ìwọ ni wọ́n gbà láti máa gbá ọjà?" Àwọn bàbá wa tó ń bú wa nígbà náà, leesi ni wọ́n ń fi owó Údojì tiwọn rà, leesi tí wọ́n hun ní Lustenau ní ilẹ̀ Ọ́síríà, tí a ń sanwó rẹ̀ lórí bí ihò rẹ̀ ti pọ̀ tó. Ihò ni wọ́n fi owó gidi rà. Mo máa ń rántí èyí nígbà tí wọ́n bá gbé ẹjọ́ ihò ojú orúnkún wá síwájú mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé, kí n má parọ́, jíǹsì yíya náà kò dùn mọ́ mi nínú, bí ọmọ mi bá sì wọ̀ ọ́ wá síbi ìsìnkú mi, màá mọ̀.

Àwọn ìlú mìíràn kò tilẹ̀ dúró lórí èébú. Tanzania fi òfin de yẹ̀rì péńpé àti ṣòkòtò fífún láti ìbẹ̀rẹ̀ 1969, Malawi náà ṣe tirẹ̀ ní 1973, ó ní obìnrin kò gbọdọ̀ wọ ṣòkòtò, ọkùnrin kò gbọdọ̀ dá irun sí gùn. Àwọn tí ọlọ́pàá lé nígbà náà ti di àgbà lónìí. Ẹ lọ béèrè ohun tí wọ́n ń sọ fún ọmọ wọn.

Ohun tó ń dùn mí ju ọ̀rọ̀ ṣòkòtò lọ ni ẹ̀yìn fọ́tò. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo yí àwọn fọ́tò inú àpótí ìyá mi padà, òǹtẹ̀ onífọ́tò nìkan ni mo rí, kò sí orúkọ ẹnìkan. Nínú àwọn mẹ́ta tó wọ kóòtù, ẹni tó kúrú nìkan ni mo mọ̀. Obìnrin kan wà tó wọ awò dúdú, tó gbé báàgì sí ìgbọ̀nwọ́, ẹwà rẹ̀ kò láfiwé, mo sì ti gbé e yí gbogbo agboolé ká, kò sí ẹni tó lè sọ bóyá ọ̀rẹ́ ìyá mi ni tàbí orogún rẹ̀. Ní 1991, nígbà tí wọ́n pàtẹ fọ́tò Seydou Keïta ní New York, ohun tí wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀ ni pé a kò mọ ẹni tó yà á, bẹ́ẹ̀ Keïta wà láàyè ní Bamako, ó ń jẹun. Bí irú èyí bá lè bá Keïta, kí ni yóò ti rí fún ti Jóga? Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ mú bírò, ẹ yí fọ́tò yín padà. Ẹ kọ orúkọ, ẹ kọ ìlú, ẹ kọ ọdún bí ẹ bá rántí rẹ̀. Ẹ kọ ẹni tó sanwó, ẹ kọ ẹni tó bú yín lọ́jọ́ náà, bí kóòtù kì í bá sì í ṣe tiyín, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ tèmi. Ọmọ ọmọ mi kan tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi ló ń bá mi mú àwọn fọ́tò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ń pè é, òun ń kọ ọ́. Nígbà tó kan fọ́tò ṣòkòtò bóńgò, ó gbàgbé ìkọ̀wé, ó pariwo, ó ní, "Bàbá, níbo ni ṣòkòtò yìí wà? Ẹ jẹ́ kí n wọ̀ ọ́." Mo ní kí ó wo ìsàlẹ̀ àpótí náà, lábẹ́ ìwé ìròyìn tí a tẹ́ síbẹ̀. Òṣùká kan ni ó fà yọ, aṣọ tí a ká bíríkítí, tó ti tẹ́ pẹrẹsẹ, tí àárín rẹ̀ dán fún òróró orí. Ìyá mi ti gé ẹsẹ̀ méjèèjì ṣòkòtò náà, ó sì fi ru gàrí lọ sọ́jà Ayétòrò fún ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Ọmọ náà yí i wò, ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbé e lé orí irun dídì rẹ̀, ó na fóònù síwájú ara rẹ̀, ó sì yà á.